Ayálégbé àkọ́kọ́ fẹ́ wọlé mi, n kò sì fẹ́ bá a pàdé ní kóòtù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Onílé_Tuntun

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tí mo fi ń san owó ilé fún ẹlòmíràn, Ọlọ́run bá mi ṣe é, mo parí ilé tèmi, ó sì ní fúláàtì méjì. Èmi àti ìdílé mi ń gbé òkè, a sì fẹ́ gba ayálégbé sí ìsàlẹ̀. Tọkọtaya kan tí wọ́n ní ọmọ kékeré kan ti wá wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì ti ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n lè kó ẹrù wọn wọlé.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé n kò mọ òfin. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ìwé àdéhùn olójú ewé kan ránṣẹ́ sí mi, tí ó ní òun rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n kàn pa orúkọ tó wà níbẹ̀ rẹ́ kí n fi tèmi sí i. Ẹlòmíràn ní kí n má tilẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu lórí ìwé, pé ilé mi ni, bí ayálégbé bá sì ń ṣe àṣejù, kí n pààrọ̀ àgádágodo. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí n ṣe kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, kí sì ni mo gbọ́dọ̀ yẹra fún pátápátá?

Lọ́yà_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire ilé o. Ilé á tura. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni ó sì pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi. N óò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ àgádágodo yẹn, nítorí pé òun ni ó léwu jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún yín.

Onílé tuntun máa ń rò pé nítorí pé orúkọ òun ló wà lórí ìwé ilẹ̀, òun lè wọlé kí òun sì jáde bó ṣe wu òun. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti gba owó lọ́wọ́ ayálégbé tí ẹ sì ti fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ohun kan tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ ti pín sí méjì. Ilé ṣì jẹ́ tiyín. Ṣùgbọ́n àṣẹ láti máa gbé inú rẹ̀, àti láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ rí, títí kan ẹ̀yin alára, ti di tirẹ̀ títí àdéhùn yóò fi parí bó ti tọ́ tàbí títí adájọ́ yóò fi gbà á padà fún yín. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ àgádágodo, yíyọ ilẹ̀kùn, gígé iná tàbí dídí omi pa fi jẹ́ ohun tí òfin kọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ayálégbé náà bá tilẹ̀ jẹ owó oṣù mẹ́wàá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1977 ni òfin kan ti wà tó sọ pé onílé tó bá lé ayálégbé jáde lọ́nà àìtọ́ ti dá ọ̀ràn, ó sì lè torí rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Mo ti rí i lójú mi tí ẹni tó jẹ gbèsè di olùpẹ̀jọ́, tí ẹni tí wọ́n jẹ lówó sì di ẹni tí ń san owó gbà-má-bínú.

Ní ti ìwé olójú ewé kan yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Onílé kan mú irú rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi rí, tí ó ń tọ́ka sí òfin orílẹ̀-èdè kan tí òun àti ayálégbé rẹ̀ kò tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ rí. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ pé bí ayálégbé bá fi ọjọ́ kan pẹ́ kó tó sanwó, kí ó kó jáde láàárín wákàtí 24. Onílé náà ní àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sí i, ó parí. Kò parí o. Níbi tí òfin bá ti fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ kan tí kò ṣe é yẹ̀, ìfọwọ́síwèé kò lè gba ẹ̀tọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀; ńṣe ni adájọ́ máa fo gbólóhùn bẹ́ẹ̀ dá bí ẹni pé wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìwé tó dára kò ní láti gùn. Kí ó dárúkọ gbogbo àgbàlagbà tí yóò gbé ibẹ̀, kì í ṣe ọkọ nìkan. Kí ó sọ apá ilé tí ẹ fi fún wọn ní pàtó, pàápàá nígbà tí ẹ jọ ń gbé ilé kan náà, kí ó lè hàn bóyá ẹ̀yìnkùlé àti ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lára rẹ̀. Kí ó sọ iye owó ilé, ọjọ́ tí wọ́n ń san án, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san án, ọjọ́ tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, ẹni tó ń san owó iná àti omi, ẹni tó ń ṣe àtúnṣe wo, àti bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe lè fòpin sí i. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kan ní ibi tí ilé náà wà kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Owó tí ẹ máa san fún un kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹjọ́.

Màmá_Ilé_Mẹ́ta

Ẹni iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni ẹni iwájú yẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọmọ mi yìí.

Ní ọdún kẹta tí mo di onílé, ayálégbé mi kan kò sanwó fún oṣù márùn-ún, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Mo kan ilẹ̀kùn títí, n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Mo ní ó ti sá lọ ni. Mo pe káfíńtà, ó já ilẹ̀kùn, mo ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú yàrá kan lẹ́yìn ilé, mo sì gba ẹlòmíràn wọlé. Títí di òní, ohun kan ṣì wà lójú mi: ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tí wọ́n ti lọ̀, tó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, àti bàtà rẹ̀ méjì tí ó tò síbẹ̀ létí ògiri. Ẹni tó sá lọ kì í fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ létòlétò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò ronú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dé. Orí ibùsùn ìwòsàn ló wà ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó ní kọ̀ǹpútà òun kò sí mọ́, ó ní owó wà nínú àpò kan tí òun kò rí mọ́. Mo ní n kò rí owó kankan. Ó ní owó wà níbẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí tó dúró tì wá nígbà tí a ń kó ẹrù, a kò kọ ohun tí a kó sílẹ̀, a kò sì ya fọ́tò kankan. Nígbà tí lọ́yà mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi hàn adájọ́, n kò rí èsì fọ̀. Mo dárí owó oṣù márùn-ún jì í, mo tún san owó lé e, a sì fi ọ̀rọ̀ náà tì sí ìta kóòtù. Ayálégbé tuntun tí mo ti gbà wọlé náà bínú kúrò, mo sì dá owó tirẹ̀ náà padà.

Àṣìṣe mi kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ilé mi padà. Mo dá ẹjọ́ fúnra mi, mo sì tún mú un ṣẹ fúnra mi.

Alámòójútó

Ẹ ṣé, Màmá. Ilé àwọn ẹlòmíràn ni mò ń mójú tó, nǹkan bí ọdún mọ́kànlá rèé, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó ìdógò, ìyẹn owó tí ayálégbé fi sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Ìjà tó pọ̀ jù tí mo ń rí kì í ṣe ti owó ilé, ti owó yìí ni.

Àkọ́kọ́, owó náà kì í ṣe owó onílé. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ yín ni. Onílé tuntun á gbà á, á fi ra ọ̀dà tàbí kí ó fi parí ògiri ọgbà, nígbà tí ayálégbé bá sì fẹ́ kó lọ, kò sí owó tí yóò dá padà fún un. Òfin ibi púpọ̀ kò gba ìyẹn láyè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onílé gbọ́dọ̀ fi owó ìdógò sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 30. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kóòtù lè ní kí ó san iye rẹ̀ fún ayálégbé, ó sì lè di ìlọ́po mẹ́ta. Láti ọdún 2019, wọn kì í gba ohun tó ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ ilé. Ní Jámánì, kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ láìka owó ìmúlémóoru àti irú rẹ̀ mọ́ ọn, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pín in san lẹ́ẹ̀mẹta, onílé sì gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó tirẹ̀. California fún onílé ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí ayálégbé bá kó jáde láti dá a padà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tó yọ kúrò. New York fún un ní ọjọ́ 14. Ẹ wádìí iye ọjọ́ tí ibi tí ilé yín wà fi lélẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì yín.

Èkejì ni ẹ̀rí. Onílé kan tí mo bá ṣiṣẹ́ fẹ́ yọ owó nínú ìdógò nítorí ojú áyọ́ọ̀nù kan tó jó orí tábìlì ìdáná mọ́lẹ̀. Ojú áyọ́ọ̀nù náà hàn kedere, ó rí ṣóńṣó lókè bí orí ọfà. Onílé ya fọ́tò mẹ́sàn-án. Ayálégbé kàn béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: “Èwo nínú fọ́tò yín ni ẹ yà kí n tó wọlé?” Kò sí ìkankan. Owó náà padà sọ́dọ̀ ayálégbé pátá. N kò mọ ẹni tó jó tábìlì náà títí di òní, ẹni tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú rẹ̀ náà kò sì mọ̀, ìdí nìyẹn tí onílé fi pàdánù.

Nítorí náà, kí àwọn tọkọtaya yìí tó gbé àpótí kan wọlé, ẹ jọ rìn yí fúláàtì náà ká. Ẹ wo abẹ́ síńkì. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé kí ẹ sì tì í padà. Ẹ fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà iná àti ti omi sílẹ̀, kí ẹ ka kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fún wọn, kí ẹ sì ya fọ́tò tó ní ọjọ́ lára. Ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ má tijú. Kí tọ̀túntòsì fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà kan lọ. Ẹ tún rántí pé gbígbó tí lílò ojoojúmọ́ ń fà kì í ṣe ìbàjẹ́. Ọ̀dà tó ṣá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, tàbí kápẹ́ẹ̀tì tó fẹ́lẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà, ọrùn onílé ni ó wà.

Ojú_Ayé

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi kò ta ko ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ ti fi ìwé dẹ́rù ba ọmọkùnrin yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gba ayálégbé, ọ̀rọ̀ ẹnu ni èmi àti wọn fi ń ṣe é. Bí ojú bá mọ ojú, tí kálukú sì mọ ohun tó yẹ, kí ni a ń kó ìwé jọ fún? Ìwé rẹpẹtẹ a máa lé ayálégbé rere sá, á ní onílé yìí ti ń gbèrò ẹjọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́yà_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ojú_Ayé, mo bọ̀wọ̀ fún ogún ọdún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ onílé kò fiyè sí. Àdéhùn ẹnu náà, àdéhùn ni. Ẹni tó ti sanwó tó sì ti ń gbé inú ilé ti di ayálégbé lójú òfin, ìbáà má sí ìwé kankan. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ibi tí ẹ kò kọ nǹkan sí, òfin ni yóò bá yín kọ ọ́, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ohun tí òfin máa kọ síbẹ̀ jẹ́ ohun tí onílé ì bá fẹ́. Ẹni tó kọ̀wé kò fura sí ayálégbé rẹ̀. Ó mọ̀ pé ènìyàn ń gbàgbé, ó sì mọ̀ pé ẹni tí a bá ṣe àdéhùn ẹnu lè kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn kò sí níbẹ̀ sì wá gbà á sọ.

Ayálégbé_Ọdún_Méjìlá

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti apá ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé onílé tó ń gbé òkè ni ó kọ ọ̀rọ̀ yìí, irú rẹ̀ ni èmi náà sì bá pàdé.

Onílé mi àtijọ́ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó kàn gbà pé ìsàlẹ̀ jẹ́ ara ilé òun. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa ń fi wọlé nígbàkúùgbà láti wo nǹkan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde láti ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì ní àyà, mo bá a tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ síńkì ilé ìdáná mi, ó ń wo páìpù tó ń jò. Ó kí mi, “Ẹ káàárọ̀,” bí ẹni pé a pàdé ní títì. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti kọ̀wé sí i nípa páìpù yẹn, ó wá jẹ́ pé ọjọ́ tí yóò tún un ṣe ni yóò tún dá ọ̀ràn mìíràn.

Onílé lè wọlé wo àtúnṣe, kò sí ẹni tó bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ fún mi, ní kíkọ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ ní àsìkò tó bójú mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán, wákàtí 24 ṣáájú ni òfin sọ fún irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀. California náà ka wákàtí 24 sí àsìkò tó tó. Bí iná bá ń jó tàbí tí omi bá ń ya wọ inú ilé, ìyẹn yàtọ̀.

Lórí àtúnṣe, onílé púpọ̀ ló rò pé bí ayálégbé bá ń ráhùn jù, kí wọ́n kàn fún un ní ìwé kó-jáde. Bí ìwé yẹn bá tẹ̀ lé ìráhùn kíákíá, adájọ́ lè rí i pé ńṣe ni onílé ń gbẹ̀san, òfin ibi púpọ̀ kò sì fàyè gba ẹ̀san. Ẹ dáhùn ìráhùn ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí oníṣẹ́ wá síbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa fún wa ní rìsíìtì owó ilé láìjẹ́ pé a bẹ̀bẹ̀ kí a tó gbà á.

Onílé_Tuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ara mi ti ń bù máṣọ, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, mo sì ti ń ronú pé n óò máa sọ̀ kalẹ̀ lọ wo mítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo ní ìbéèrè mẹ́ta mìíràn. Ìyàwó mi ń bẹ̀rù ariwo ọmọ kékeré, ó sì fẹ́ kí a kọ sínú ìpolówó pé a kò gba olọ́mọ, àti pé ẹlẹ́sìn wa nìkan la fẹ́. Ẹ̀kejì, àbúrò ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ “fún ìgbà díẹ̀” láìsí ìwé, bí àwọn tọkọtaya yìí bá lè ní sùúrù. Ẹ̀kẹta, mo ṣì ń san gbèsè báńkì tí mo fi kọ́ ilé yìí. Ṣé ó kan báńkì pé mo gba ayálégbé?

Lọ́yà_Ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ìpolówó náà jáde. Ọ̀pọ̀ onílé ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ẹ̀rí lòdì sí wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1968 lórí ọ̀rọ̀ ilé kọ̀ kí onílé ṣe ojúsàájú nítorí ẹ̀yà, àwọ̀ ara, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo kún un, ní ọdún 1988 wọ́n sì fi àìlera ara àti ìdílé olọ́mọ kún un. Òfin náà rọ díẹ̀ fún onílé tó ń gbé inú ilé kékeré kan náà pẹ̀lú ayálégbé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi tiyín, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yẹn kò kan ìpolówó. Ibòmíràn ní tirẹ̀. Ohun tí ó tọ́ kí ẹ fi yan ayálégbé ni agbára rẹ̀ láti sanwó, ohun tí onílé rẹ̀ àtijọ́ sọ nípa rẹ̀, àti òtítọ́ inú ìwé rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo ẹni tó bá wá, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Bí ariwo bá jẹ́ ìṣòro, ẹ kọ wákàtí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sínú àdéhùn. Ariwo ni ẹ̀ ń kọ̀ nígbà náà, ẹ kò kọ ọmọ.

Lórí àbúrò ìyàwó yín, n óò sọ ọ́ láìfi bò: òun gan-an ni ìwé ṣe pàtàkì fún jù. Àlejò lè kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá ní kó lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dá fúláàtì kan gbé, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ń fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù, ó ṣeé ṣe kí adájọ́ pè é ní ayálégbé, ohunkóhun tí ẹ̀yin méjèèjì ìbáà máa pè é. Ẹ wá ro bí ilé yín yóò ti rí lọ́jọ́ tí ẹ bá ní láti pe àbúrò ìyàwó yín lẹ́jọ́.

Ó kan báńkì o. Ọ̀pọ̀ àdéhùn gbèsè ilé ló sọ pé kí ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gba ayálégbé. Iléeṣẹ́ adójútòfò náà gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí pé ìwé adójútòfò tó jẹ́ ti ilé tí onílé nìkan ń gbé lè má wúlò bí ó bá ṣe pé ayálégbé ló wà níbẹ̀ nígbà tí iná sọ. Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá sì jọ ní ilé náà pẹ̀lú yín, kí òun náà fọwọ́ sí àdéhùn.

Alámòójútó

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ààbò kún un ní ṣókí. Kí oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí wo wáyà, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá sọ sí ibi tó yẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè àyẹ̀wò gáàsì lọ́dọọdún àti ti iná mànàmáná lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fi ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1978 fún ayálégbé gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mọ̀ nípa ọ̀dà olójé tó wà níbẹ̀, nítorí ewu rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Bí ẹnì kan bá kú sí ilé yín nítorí ohun tí ẹ mọ̀ tí ẹ kò tún ṣe, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó nìyẹn.

Ẹ tún ṣọ́ ìwé àwọn ayálégbé: ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ wọn àti ìwé owó oṣù wọn kì í ṣe ohun tí a ń tẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp. Mo mọ onílé kan tó gbé fọ́tò ayálégbé tó jẹ ẹ́ lówó síbẹ̀ tó sì pè é ní olè. Gbèsè kì í ṣe olè jíjà, ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ ni onílé náà sì lọ dáhùn fún.

Ojú_Ayé

Ẹ jọ̀wọ́, Lọ́yà, níwọ̀n ìgbà tí a ti wà lórí rẹ̀, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ayálégbé kan wà nílé mi tí mo fún ní ìwé kó-jáde lọ́dún tó kọjá. Adájọ́ ní ìwé náà kò dára, ó da ẹjọ́ nù. N kò mọ ohun tí mo ṣe. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i, mo sì fi há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lọ́yà_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. N kò rí ìwé yín, nítorí náà ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti kọsẹ̀ ni n óò sọ.

Àkókò ni àkọ́kọ́. Iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fún ayálégbé kì í ṣe èyí tó wù yín. Ní Jámánì, oṣù mẹ́ta ni. Bí ayálégbé bá ti lo ọdún márùn-ún, ó di oṣù mẹ́fà, bí ó bá ti lo ọdún mẹ́jọ, ó di oṣù mẹ́sàn-án, onílé sì tún gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin gbà. Lábẹ́ òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, oṣù kan ni fún ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà sì ni fún ẹni tó ń san ọdọọdún, kí onílé tó tún fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù. Níbi tí kò bá ti sí ìwé àdéhùn, ẹ̀yin yóò wí pé oṣooṣù ni ó ń san, òun yóò wí pé ọdọọdún ni, ìyàtọ̀ oṣù márùn-ún sì wà láàárín ẹnu yín méjèèjì. Ẹ bá mi wo rìsíìtì tí ẹ fún un, bí ẹ bá fún un.

Ohun kejì ni bí ìwé ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ẹ fi ìwé há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ní afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Ibòmíràn gba fífi há ilẹ̀kùn láyè, ibòmíràn kò gbà á. Ṣùgbọ́n níbikíbi, ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ó débẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí bá yín lọ, kí ó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀.

Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn ni èyí: lẹ́yìn tí ọjọ́ inú ìwé yín ti pé, ṣé ẹ tún gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀?

Ojú_Ayé

Mo gbà á. Oṣù mẹ́rin ni ó san. Ṣé kí n wá kọ owó ni?

Lọ́yà_Ìrọ̀lẹ́

Ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹni tó bá gba owó ilé tuntun lẹ́yìn tó ti ní kí ayálégbé lọ lè dà bí ẹni tó yí ohùn padà, tó sì ṣe àdéhùn tuntun. Owó tí kóòtù bá ní kí ó san fún àsìkò tó fi jókòó síbẹ̀ yàtọ̀ sí owó ilé, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbà á sì yàtọ̀. Ẹ má gba kọ́bọ̀ mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí lọ́yà yín tó sọ orúkọ tí ẹ máa pe owó náà lórí rìsíìtì. Ẹ mú gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ yín lọ bá a lọ́la, títí kan àwọn èyí tí ẹ rò pé kò wúlò.

Ojú_Ayé

Mo gbọ́. Rìsíìtì náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n n óò wá wọn.

Onílé_Tuntun

Ẹ̀yin àgbà, mo padà wá láti jábọ̀. Báńkì ti dá mi lóhùn, wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n pààrọ̀ ìwé adójútòfò mi, mo sì ti ṣe é. Lọ́yà àdúgbò wa gé gbólóhùn mẹ́rin kúrò nínú ìwé tí mo kọ, ó fi méjì kún un. Mo ti bá àbúrò ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n yàrá àlejò wà lókè, ó sì mọ̀ pé àlejò ni òun.

Lánàá, èmi àti àwọn tọkọtaya náà rìn yí ìsàlẹ̀ ká pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó gbà wá ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Ìyàwó náà ló rí ẹ̀là kan ní igun fèrèsé yàrá kejì, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí èmi tí mo kọ́lé kò rí rí. A kọ ọ́ sílẹ̀, a ya á ní fọ́tò, oníṣẹ́ gíláàsì ń bọ̀ ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọkọ sì ti kọ wákàtí tí wọ́n máa wà nílé sílẹ̀ fún mi. Kọ́kọ́rọ́ kejì, a jọ fi í sínú àpò ìwé, a lẹ̀ ẹ́ pa, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́. Inú dúrọ́ọ̀ mi ni ó wà báyìí. Ọmọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri nínú pálọ̀ náà kí a tó parí, ìyàwó mi sì gbọ́ ọ láti òkè.